Họ́nọ́rébù ní ká kọ ohun tá a fẹ́ wá: ọ̀kadà ni, ilé gàrí ni, àbí ọ̀nà?

Akọ̀wé Àgbẹ̀:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Abúlé kan lápá Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni mo wà. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo la ń gbìn jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ aṣòfin tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ pe bàálẹ̀ wa. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ ṣe ohun táwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko máa fi ríṣẹ́ ṣe, kí abúlé kọ̀ọ̀kan tètè kọ ohun tó ń fẹ́ wá kí gómìnà tó gbé ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lọ síwájú wọn. Bàálẹ̀ ní èmi ni kí n kọ ọ́.

Ibẹ̀ nìjà ti dé. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kadà làwọn ń fẹ́. Àwọn ìyá wa ní ilé gàrí ni, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, jáákì tí wọ́n fi ń fún un, àti agbada ńlá. Bàálẹ̀ fúnra wọn ní ọ̀nà ni, torí bí òjò bá ti rọ̀, mọ́tò kì í lè wọlé láti títì ọ̀dà. Ojú mi báyìí ni mọ́tò akẹ́rù kan ṣe rì sínú ẹrẹ̀ tòun tẹ̀gẹ́ ẹ̀kún rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí katakata tó fà á jáde, ẹ̀gẹ́ ti dúdú nínú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Olóko náà kàn jókòó sórí gbòǹgbò igi ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó wà nípò ṣáájú èyí ti fún wa ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ rí. Abẹ́ páànù lẹ́bàá ọjà ló wà títí dòní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti pòórá, ewúrẹ́ ló ń sùn lórí èyí tó kù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa kọ?

Ọmọ Ṣakí:
Ọ̀kadà ni kẹ́ ẹ gbà jàre. Ohun tó bá ti wọlé ẹni ni tẹni. Ẹ bá tún lọ ń kọ̀wé ọ̀nà, ọmọ ọmọ yín lá máa retí ẹ̀.

Ìyá Alágbada:
Akọ̀wé ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èmi yan gàrí tọ́ ọmọ márùn-ún, nítorí náà fetí sí mi dáadáa.

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de èèyàn. Tí wọ́n bá ti fà á tu, bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta tí ẹ ò tíì bẹ ẹ́, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Omi ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù, gàrí inú rẹ̀ kì í sábà ju kílò 20 sí 25 lọ. Nígbà tí ẹ bá ń kó ẹ̀gẹ́ tútù lọ ìlú, omi àti èèpo lẹ̀ ń sanwó mọ́tò fún. Àmọ́ bí ẹ bá yan án sílé, ọ̀kadà lè gbé àpò gàrí jáde lójú ọ̀nà burúkú yẹn. Àwọn tó ń ra gàrí láti Ìbàdàn ń wá dáadáa látìgbà tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn.

Ìwọ wá ka iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó máa bẹ ẹ́, ẹni tó máa rin ín, àwọn géńdé tó máa fi jáákì fún un, àwọn tó máa jọ̀ ọ́, àwa tá a máa yan án. Èèpo pàápàá, àwọn olóhun ọ̀sìn ń rà á. Ọ̀kadà kan, ẹnì kan péré ló ń gùn ún.

Ṣùgbọ́n má kọ ilé gàrí láìkọ omi mọ́ ọn o! Mo ti rí èyí tí wọ́n fi páànù tuntun kọ́, tó jẹ́ pé odò ló kù táwọn obìnrin ń lọ pọnmi ṣáájú kí wọ́n tó lè fọ ẹ̀gẹ́. Kò pẹ́ tí kálukú fi padà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Àṣejèrè:
Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Èmi ò bèèrè nǹkan míì.

Akọ̀wé Àgbẹ̀:
@Àṣejèrè ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dá wa láàmú. Ìgbà yẹn, ilé alága ẹgbẹ́ òṣèlú ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Àṣejèrè:
Ẹ̀ẹ́hẹ́n. Ewúrẹ́ ò jẹ̀bi nígbà yẹn.

Bàbá Káńsù:
Ẹ jẹ́ kí èmi àgbàlagbà dá sí i. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì.

Akọ̀wé, kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó o fẹ́ kọ̀wé sí. Aṣòfin kì í ṣe gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kọ́ńtíráàtọ̀. Ẹnì kan ni láàárín àwọn 32 tó wà nílé ìgbìmọ̀ yẹn. Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n fọwọ́ sí ìnáwó ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì wádìí bí wọ́n ṣe ń ná an. Èyí tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ìrónilágbára, pẹ̀lú fọ́tò àti fìlà, àánú ara wọn nìyẹn. Ẹ gbà á tó bá dé, àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó kọ lẹ́tà fún.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni kí orúkọ abúlé yín àti iṣẹ́ náà wọ inú ìwé ìṣúná, kí ó ní ìlà tirẹ̀ tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Abala 120 nínú ìwé òfin yẹn ló ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fa owó ìpínlẹ̀ yọ bí kò ṣe ní ọ̀nà tílé aṣòfin là sílẹ̀. Tó bá wọ inú rẹ̀ tán tí owó kò jáde, abala 128 wà tí wọ́n fi lè pe ilé iṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn wá jẹ́jọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ máa padà wá bèèrè bó bá di àárín ọdún. Àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ nìyẹn.

Ní ti ọ̀nà, ẹ kọ̀wé sí alága káńsù náà. Iṣẹ́ ọ̀nà abẹ́lé wà nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti July 11, ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kó má baà wá sọ fún yín pé gómìnà ló di owó mú.

Ọmọ Ṣakí:
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ abala 128 yẹn ọ̀hún, ṣé wọ́n ń lò ó?

Bàbá Káńsù:
Ẹni tí wọn ò bá bi léèrè, kí ló máa lò ó ṣe?

Ọ̀nà Oko:
Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Bàbá. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní RAAMP, tí Báńkì Àgbáyé ń kówó sí, tó wà fún ọ̀nà ìgbèríko àti ọjà àgbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni òfin tó dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko àti àpò owó ọ̀nà sílẹ̀, kí ọ̀nà tí wọ́n ṣe má baà wó lẹ́yìn ọdún méjì. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ bi Họ́nọ́rébù yín pé ọ̀nà abúlé wo nínú ẹkùn ìdìbò rẹ̀ ló ti bá wọn fi orúkọ sílẹ̀. Tí kò bá rí ìdáhùn fọ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀.

Mo Ti Bá Wọn Ṣiṣẹ́ Rí:
Mo ti jókòó sí ọ́fíìsì aṣòfin, èmi ni mò ń gba irú lẹ́tà yìí. Èyí tó bá gùn jù, tó sì kún fún oríkì Họ́nọ́rébù, abẹ́ ni mò ń tì í sí. Ojú ewé kan ti tó. Kọ iye ilé tó ń gbin ẹ̀gẹ́, bí abúlé ṣe jìnnà sí títì tó, fọ́tò ibi tí mọ́tò ti ń rì. Ohun tó máa gbé tiyín lékè ni ilẹ̀: ìwé tí mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jáde, tó lọ sí abúlé kejì torí pé àwọn tó kọ́kọ́ bèèrè ṣì ń jà lórí ilẹ̀.

Ẹ sì fi orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹni mẹ́wàá ti tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló gbà á, alága ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní rí kọ́kọ́rọ́ kankan mú lọ ilé.

Ìyá Alágbada:
Kí obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó máa fọwọ́ síwèé báńkì náà o. Àwa la wà nídìí iná. Kẹ́ ẹ sì máa gba iye kan lórí àpò ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rin, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ fún dísẹ́ẹ̀lì àti bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì tó já, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dá owó rẹ̀, òun ló ń sọ ẹ̀rọ di ibùsùn ewúrẹ́.

Akọ̀wé Àgbẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Ilé gàrí pẹ̀lú kànga ẹ̀rọ ni mo máa kọ sí Họ́nọ́rébù. Ọ̀nà á lọ sọ́dọ̀ alága káńsù, màá sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Họ́nọ́rébù kó lè bá wa bèèrè nípa ètò RAAMP. Bàálẹ̀ máa pe mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ jọ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń bínú o, pàápàá àbúrò mi.

Ọmọ Ṣakí:
Sọ fún un pé àpò gàrí máa nílò ẹni tó máa gbé e dé títì. Kó lọ dá owó ọ̀kadà tiẹ̀ jọ.

Ìyá Alágbada:
Akọ̀wé, kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe ihò èéfín sí ilé náà. Wọ́n máa ń gbàgbé.