Sípíkà àtijọ́ méjì, èwo ni kí n kan àpótí fún? Ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Télọ̀ Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Sípíkà méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan jáde látinú rédíògíráàmù bàbá àgbà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, wọ́n kọ 15 ohm sẹ́yìn ẹ̀ (ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó). Ìkejì wá látinú àpótí tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ dà nù, 8 ohm ni tiẹ̀. Ínṣì mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n. Owó pákó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè tó àpótí méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wọ̀n wọ́n wò.

Èmi ò kọ́ iṣẹ́ iná o, aṣọ ni mò ń rán. Míìtà kékeré táwọn oníwáyà ń lò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo yí i sí ohm, mo fi kan ibi méjèèjì tí wọ́n ń so wáyà mọ́. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ka 6.2, ti bàbá ka 11.6. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù tí nọ́ńbà yẹn ò bá bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn mu, wáyà tó wà nínú kọ́ìlì nìkan ni míìtà ń kà, ó sì máa ń kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn, 8 ohm á máa ka bíi 5.5 sí 7, 4 ohm á ka bíi 3.5. Àmọ́ tí míìtà ò bá ka nǹkankan rárá, wáyà ti já nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo so wọ́n mọ́ amplifier kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, mi ò fọwọ́ kan fólúùmù. Gbogbo ilé ló ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ló dùn jù, màmá mi tiẹ̀ ní kí n gbé ti bàbá padà sí àjà. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Fólítì 2.83 tó bá wọ sípíkà 8 ohm, wáàtì kan ló ń jẹ. Fólítì kan náà tó bá wọ 15 ohm, kò ju bí ìdajì wáàtì lọ. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti fi nǹkan bíi decibel mẹ́ta (ìwọ̀n ariwo) rẹ́ bàbá jẹ kó tó lanu! Etí ọmọ èèyàn ò sì mọ̀ ju pé èyí tó pariwo jù ló dùn jù.

Nítorí náà mo gé ihò sí àárín plywood kan, inú ihò kan yẹn ni mo ń de ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́, torí sípíkà tí ò ní pákó níwájú, ohùn tó ń jáde lẹ́yìn á yí wá síwájú á pa béèsì run, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́. Àgbàlá ni mo gbé e sí níta gbangba, láàárọ̀ kí àwọn ẹlẹ́rọ ata tó tan ẹ̀rọ, torí inú yàrá, ògiri náà á máa dá sí ọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù sórí àga ní mítà kan, mo ṣí áàpù tó ń ka decibel, mo tan ariwo ṣáá tó ń dún bí òjò lórí páànù, mo ń yí fólúùmù títí méjèèjì fi ka nọ́ńbà kan náà. Fóònù mi kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá pa fún èyí náà ló máa pa fún tọ̀hún, torí náà wọ́n á ṣì ṣeé fi wéra.

Àbúrò mi wá ń pààrọ̀ wáyà láì sọ èyí tó ń kọ. Ìbò pín sí méjì! Níbi gángan àti ohùn obìnrin, ti bàbá ni gbogbo wọn ń mú. Níbi béèsì, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ àjà mọ́.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n télọ̀. Èmi ra méjì tó jọra ní Lọ́kọ́ja, ẹni tó tà á ní ìbejì ni wọ́n. Mo wá so resistor 1000 ohm (èyí tó ń dín iná kù) mọ́ ojú wáyà kan, mo fi áàpù fóònù gbé ohùn gba inú amplifier, mo yí míìtà sí AC mo fi kan sípíkà fúnra ẹ̀, mo wá ń sọ ohùn náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 200 Hz. Ibì kan á wà tí fólítì á ga lójijì tá a tún wálẹ̀, ibẹ̀ ni sípíkà ti ń mì fúnra ẹ̀. Ọ̀kan ga ní 58, èkejì ní 71. Ìbejì wo? Mo yẹ etí kóònù wò, ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù kun aṣọ etí èkejì, ó ti le gbagidi. Àti pé ẹ gbé e sókè tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n ọ́n o, ẹ má dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi ohùn béèsì jẹ́jẹ́ mì ín fún bí wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà sílẹ̀, tèmi wálẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tó gbóná.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbẹ̀

Télọ̀, tí máágínẹ́ẹ̀tì ti bàbá bá jẹ́ alnico (irin àdàlù kan tí wọ́n fi ń ṣe máágínẹ́ẹ̀tì), jọ̀wọ́ má tú u o. Tó bá ti kúrò nínú irin tó yí i ká, agbára ẹ̀ á dínkù, ilé-iṣẹ́ ló lè dá a padà. Cobalt wà nínú alnico, nígbà tí ogun ṣẹlẹ̀ ní Shaba ní Zaire lọ́dún 1978 ni cobalt wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sípíkà sì sá lọ sórí ferrite, oríṣi máágínẹ́ẹ̀tì mìíràn. Èyí tó ní fóòmù létí ńkọ́? Fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, tó bá ń rún, kò tíì yá kó kọrin. Aṣọ àti bébà kì í rún bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ Kàbà

Ẹ ṣé o ẹ̀gbọ́n, alnico ni, mi ò ní tú u. Bọ̀dá Ìsánlú, mo ti ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí, mo tún yá láptọ́ọ̀pù mo gbé REW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọ̀n ohùn, sí i, resistor 100 ohm ni mo lò, bátìrì nìkan ni mo fi tan láptọ́ọ̀pù kí ariwo iná má bàa wọ̀ ọ́. Ó ya òkè kan fún mi, ó sì bá mi ṣírò Qts, nọ́ńbà tó ń sọ bí sípíkà ṣe ń kó ara ẹ̀ níjàánu tó níbi tó ti ń mì fúnra ẹ̀; bó bá ṣe kéré tó ni ìjánu ṣe le tó. Ìṣirò yìí, ẹnjinníà kan tó ń jẹ́ Thiele ló kọ ọ́ jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1961, ẹnjinníà mìíràn, Small, wá fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ 0.36, ti bàbá jẹ́ 0.85. Ó ti yé mi wàyí. Èyí tó jẹ́ 0.36 ló fẹ́ àpótí tó ní ihò afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni béèsì ẹ̀ á ti jáde. Ti 0.85, tí mo bá há a mọ́ àpótí kékeré, á máa hó gbùn-gbùn ni, pákó gbalasa tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló bá a mu, bó ṣe wà nínú rédíògíráàmù gan-an nìyẹn.

Plywood tí mo gé ihò sí náà ni màá fi ṣe ti bàbá, kò tún ń jẹ owó. Owó pákó á lọ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi wo èyí: ta ló mọ kápẹ́ńtà tó ń gé 18 mm gún régé ní apá Ìyàrá tàbí Kàbà? Eléyìí tó wà ládùúgbò wa, ojú lásán ló fi ń wọ̀n.