Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan lójú ìyá mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí nǹkan dúdú tó ń fò. Kí ni ká ṣe?

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún 9 rèé tí ìyá mi ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Lóṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú wọn, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí dókítà ojú níbẹ̀. Kò pẹ́ tí èsì fi jáde: kò rí àmì àrùn, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù 12. Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ ó ti di ọjọ́ mẹ́rin báyìí tí màmá ń sọ pé nǹkan dúdú wínníwínní ń fò lójú òsì àwọn, bí eṣinṣin. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, kí n fara balẹ̀. Ọkàn mi ò gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo máa ń ya irú fọ́tò yẹn níbi iṣẹ́ mi. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì fi nǹkan kan hàn ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àgbọ̀n lé e, mo ní láti bi í: ṣé ẹ ń ríran bàìbàì? Ṣé nǹkan ń fò lójú yín? Ṣé wọ́n ti fi léésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára tí dókítà ń lò, tọ́jú ojú yín rí? Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ọ̀kan, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ tààrà. Nǹkan dúdú yẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń jò láti ara iṣan tó ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tí a fi ń ríran, fẹ́ ya. Bó bá dà bí ìgbà tí aṣọ bo ojú wọn, ẹ má sùn mọ́jú.

Bàbá Àrẹ̀mọ: Irọ́ ni ẹ̀rọ pa nígbà náà. Èmi ò lè fi ojú mi lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ láé.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi yọjú sí dókítà ojú torí pé ojú ò dùn mí. Ẹ̀rọ ló ní kí n lọ. Wọ́n bá mi níbi tí léésà ṣì lè ràn mí lọ́wọ́, mo sì ń kàwé títí dòní.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kì í ṣe irọ́, Bàbá, àṣìṣe ni. Ẹ wo IDx-DR, ọ̀kan lára irú ẹ̀rọ yìí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2018, 900 èèyàn ni wọ́n fi dán an wò. Nínú 100 tó ní àrùn ojú tí àtọ̀gbẹ ń fà débi tó yẹ kí dókítà rí wọn, ó ń mú bíi 87. Àwọn tó kù ń yọ́ kọjá. Kì í sì í wá glaucoma, àrùn ojú mìíràn tó lè fọ́ni lójú, rárá.

Àbíkẹ́yìn: A ti dé. Dókítà kán nǹkan sójú wọn kí ẹyinjú lè là dáadáa, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lójú òsì. Léésà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wakọ̀ gbé wa lọ, kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ẹ mú ìwé dókítà padà lọ síbi tí wọ́n ti ya fọ́tò o, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀rọ wọn fo èyí.