Ìsopọ̀ mélòó ló yẹ kí pool ní? Mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Áàpù Node.js ni, PostgreSQL ló ń lò, sáfà dátábéèsì náà sì ní core 8. Ẹ̀dà áàpù 6 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pool ọ̀kọ̀ọ̀kan (àkójọ ìsopọ̀ sí dátábéèsì tí áàpù ń tún lò) ní ìsopọ̀ 20. Bí èrò bá ti pọ̀, "sorry, too many clients already" ló ń jáde. Ṣé kí n gbé max_connections (iye ìsopọ̀ tí PostgreSQL lè gbà) dé 500 ni, àbí kí n fi PgBouncer, ètò tó ń pín ìsopọ̀ láàárín áàpù àti dátábéèsì, sí i?

Atọ́júDátà:
Ẹ ṣírò ó wò: 6 lọ́nà 20, 120 nìyẹn. 100 ni PostgreSQL ń gbà bí a kò bá yí i padà, 3 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti superuser, alábòójútó dátábéèsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ibi 500 yẹn. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní process tirẹ̀, ó ń jẹ memory bó tilẹ̀ jókòó lásán. Core 8 kò lè ṣe ju iṣẹ́ 8 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn yòókù á kàn máa du CPU mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìlọ́po méjì iye core, ká fi díẹ̀ lé e, fún gbogbo ẹ̀dà lápapọ̀, ni mo fara mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú max: 3 nínú pool ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, 18 lápapọ̀ nìyẹn. Query á tò sórí ìlà nínú áàpù, ìyẹn kò burú rárá.

Ọmọ_Backend:
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìsopọ̀ ń jò:

`SELECT state, count(*) FROM pg_stat_activity GROUP BY state;`

Bí "idle in transaction" (ìsopọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ transaction, tí kò parí rẹ̀, tó sì jókòó lásán) bá pọ̀, ó lè jẹ́ pé kóòdù kan gba client, ìyẹn ìsopọ̀ kan láti inú pool, kò dá a padà. Nǹkan kan á kùnà lẹ́yìn pool.connect() àti BEGIN tó bẹ̀rẹ̀ transaction, kóòdù á sì fo COMMIT tó ń parí rẹ̀ àti client.release() kọjá. Inú finally, apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ bí àṣìṣe tilẹ̀ wáyé, ni kí release wà. Bó bá jẹ́ query ẹyọ kan, pool.query() ti tó, ó ń dá a padà fúnra rẹ̀. Ẹ tún fi connectionTimeoutMillis: 5000 (iye millisecond tí a ó fi dúró de ìsopọ̀) sí i, 0 ló máa ń wà níbẹ̀, request á wá dúró láìlópin.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. "idle in transaction" 41 ló wà níbẹ̀! PgBouncer wá ńkọ́?

Atọ́júDátà:
Ẹ dí ojú ibi tó ń jò ná. Transaction tí kò parí á di ìsopọ̀ mú nínú PgBouncer náà. Ìgbà tí ẹ̀dà áàpù bá ń pọ̀ sí i ló wúlò. Port 6432 ni PgBouncer ń lò bí a kò bá yí i padà. Ẹ yí pool_mode rẹ̀ láti session sí transaction, kí ìsopọ̀ lè padà sínú pool bí transaction bá ti parí. Lẹ́yìn ìyẹn, LISTEN (àṣẹ tó ń dúró de ìfitónilétí) àti advisory lock (títì tí áàpù fúnra rẹ̀ ń lò) ti session kò ṣeé gbára lé mọ́. Ètò tí SET lásán bá yí padà náà lè bá ẹlòmíràn lórí ìsopọ̀ kan náà, nítorí náà SET LOCAL ni kí ẹ lò, láàárín BEGIN àti COMMIT.