Pọ́ǹpù nílé iṣẹ́ ọṣẹ: ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ fà kí ẹ tó wo mọ́tò

Láti Ọ̀tà:
Rọ́bà inú pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ọlọ́jà léèrè. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM ló ń fara da kọ́sítíìkì sódà. Viton, irú rọ́bà mìíràn, kì í pẹ́ bà jẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi EPDM kan náà fa epo pupa tàbí àdín, ẹ ó rí i pé á wú, á rọ̀, pọ́ǹpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó bá fẹ́ kí pọ́ǹpù kan ṣe méjèèjì, PTFE (tí wọ́n tún ń pè ní Teflon) ni kó rà. Ó wọ́n, òótọ́ ni.

Ní ti ara pọ́ǹpù, ẹ sá fún alumíníọ̀mù. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, gáàsì háídírójìn á máa jáde, gáàsì yẹn sì ń gbiná. Stainless 316 (irú irin tí kì í tètè dípẹtà) tàbí polypropylene (irú ike kan) dára. Kọ́sítíìkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò gbóná gan-an o. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi pọ́ǹpù oníke fà á.

Láti Ìkẹjà:
Ẹ̀yin ọ̀gá, Texapon (èròjà tó ń mú kí ọṣẹ olómi hó) ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Èyí tó jẹ́ 70% ki, àmọ́ pọ́ǹpù onígíà (tí eyín gíà inú rẹ̀ ń ti nǹkan lọ) tó ń yí jẹ́jẹ́ á gbé e. Pọ́ǹpù omi tí à ń lò nílé ò lè gbé e, ariwo lásán ló máa pa. Kí páìpù tó ń fà á fẹ̀, kó sì kúrú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni fífọ̀: wọ́n á bu omi díẹ̀ sí páìpù tí Texapon ṣì wà nínú rẹ̀. Bí omi bá dín in kù sí nǹkan bí 30 sí 60%, kàkà kó ṣàn, ṣe ló máa dì bí ẹ̀kọ, páìpù á dí pa. Ẹ kọ́kọ́ fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ wá da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú táǹkì pàápàá, omi ló ń ṣáájú, Texapon á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì ti fáàfù ìjáde mọ́ onígíà tó ń ṣiṣẹ́. Kò mọ ìdúró: páìpù á bẹ́ tàbí kí ṣáàfù kán. Fáàfù tó ń dẹ ìfúnpá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Láti Ìbàdàn:
Ẹ ka sodium silicate, èròjà ọṣẹ mìíràn, mọ́ àwọn tó ń da pọ́ǹpù láàmú. Bó bá gbẹ mọ́ síìlì (èyí tí kì í jẹ́ kí pọ́ǹpù jò), ó ń le koko. Bí ẹ bá tún tan pọ́ǹpù, síìlì á ya. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án kí ẹ tó pa iná, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ọṣẹ olómi tó ti ṣe tán tó ń hó kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò ńkọ́?

Láti Ọ̀tà:
Ẹ wo oríkèé páìpù ìfà, afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ dì í le, ẹ dín ìyára mọ́tò kù. Ẹnu páìpù tó ń dà á sínú táǹkì gbọ́dọ̀ rì sínú ọṣẹ, kó má máa dà á láti òkè.