Iye stress wo ni kí a mú ní etí wẹ́ẹ̀dì tí a bá ń ṣírò àárẹ̀ irin?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Mò ń ṣírò àárẹ̀ (bí irin ṣe ń sán díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹrù tó ń lọ tó ń bọ̀) fún bíìmù kan tí kéréènì yóò máa rìn lórí rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ kan níbí ní Òṣogbo. Flange (pẹpẹ irin fífẹ̀) ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó 20 mm, oníbàárà sì fẹ́ kí a jó irin pẹlẹbẹ kan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 120 mm, mọ́ ọn lábẹ́ kí a lè fi so wáyà iná kọ́. Òró bíìmù ni irin náà tẹ̀ lé. Nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, bí mo ṣe ń sọ mesh (àwọn ẹ̀là kéékèèké tí kọ̀ǹpútà pín irin sí) di wẹ́wẹ́ tó ni stress (agbára tó wà lórí ìwọ̀n ààyè kan nínú irin) etí wẹ́ẹ̀dì, ibi tí wẹ́ẹ̀dì ti pàdé flange, ń ga tó, kò sì dúró sójú kan. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àgbà Onírin

Àbúrò, iye yẹn kò ní dúró láé, nítorí igun mímú ni kọ̀ǹpútà rí níbẹ̀. Ẹ má lò ó rárá. Ọ̀nà tí International Institute of Welding là sílẹ̀ ni pé kí a ka stress ní ibi méjì tó jìnnà díẹ̀ sí etí wẹ́ẹ̀dì, èyí tó jẹ́ 8 mm àti 20 mm fún irin tó nípọn tó 20 mm. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po 1.67, kí ẹ sì yọ ìlọ́po 0.67 ti èkejì kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bá 96 MPa àti 84 MPa níbẹ̀ (MPa ni a fi ń wọn stress), 104 MPa ni yóò jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ẹrù dé àárín bíìmù àti ìgbà tí kò sí ẹrù rárá ni kí ẹ fi ṣe é. Ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò yìí.

Níwọ̀n ìgbà tí irin pẹlẹbẹ náà kò gbé ẹrù, FAT 100 (ìpele agbára wẹ́ẹ̀dì lòdì sí àárẹ̀) ló bá a mu, ìyẹn 100 MPa fún ìgbà 2,000,000 tí ẹrù bá lọ tó bọ̀. Bí stress bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ọjọ́ ayé irin ni yóò ṣẹ́ kù. Nǹkan bí ìgbà 1,780,000 ni 104 MPa yóò fún yín.

Ìdáhùn: Ọmọ Ìgbọ̀nà

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n mi ò rò pé bíìmù tó rọrùn báyìí nílò kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìwé àti kálámù ṣírò stress flange bí ẹni pé kò sí irin kankan lábẹ́ rẹ̀. EN 1993-1-9, ìlànà Yúróòpù lórí àárẹ̀ irin, fi irú irin pẹlẹbẹ tó bá gùn ju 100 mm lọ sí ipò 56, ìyẹn 56 MPa fún ìgbà 2,000,000. Bí ìyàtọ̀ stress bá jẹ́ 70 MPa, ẹ ó rí nǹkan bí ìgbà 1,020,000. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ẹnikẹ́ni mú 70 MPa yẹn lọ bá FAT 100: yóò rò pé irin náà yóò pẹ́ kánrin, bẹ́ẹ̀ ìlà tó lò kì í ṣe ti iye tó mú, nítorí stress tí a kà lẹ́bàá wẹ́ẹ̀dì bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ni FAT 100 yẹn wà fún.

Ìdáhùn: Olùyẹ̀wò Wẹ́ẹ̀dì

Ẹ má rò pé irin tó le jù, bíi S355, yóò gbà yín lọ́wọ́ àárẹ̀ o. Ibi tí a jó kì í ka ìyẹn sí. Ibi tí mo ti máa ń rí sísán náà ni orí irin pẹlẹbẹ, níbi tí wẹ́dà ti dáwọ́ dúró tí iná sì ti jẹ flange díẹ̀: ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ níbẹ̀ tí a bá fi oògùn pupa wá a. Kí ló dé tí ẹ kò gbé irin wáyà náà lọ sí àárín web (irin òró tó so flange òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀), níbi tí stress títẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo?

Ẹnjiníà Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Wáyà náà yóò dé àárín web láìsí wàhálà, n ó sì yẹ stress ìrẹ́run (shear) wò níbẹ̀ kí n tó yí yíyà náà padà.