Èsì: “Ìtọ́sómi” kọ́, ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

À ń wá orúkọ Yorùbá fún “right to water”, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní láti rí omi lò. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá “ìtọ́sómi” fún un, ẹ jọ̀ọ́, ta ni nǹkan tọ́ sí níbẹ̀? Ìjìyà tọ́ sí olè: olè ni yóò jẹ ẹ́. Omi tọ́ sí mi: èmi ni mo ni ín. Ẹni tó bá tẹ̀lé “sí” ló ń gbà. “Ìtọ́sómi” yín wá sọ omi di olóhun, àwa tí òǹgbẹ ń gbẹ ò rí nǹkan kan mú dání! Ẹ má fi “mo lẹ́tọ̀ọ́ sí omi” gbè é lẹ́sẹ̀ o. “Ní” tó wà nínú “lẹ́tọ̀ọ́” ló gbé ẹ̀tọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ẹ yọ ọ́, ó dojú rú. Ti ohùn ńkọ́? Ẹ kọ “itosomi” láìfàmì sí i, ẹni tó bá kà á ní “ìtọ̀” ti tọ̀ sínú omi nìyẹn. N ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ní ká ṣáà máa pè é ní “ẹ̀tọ́ omi mímu”. Ó kéré. Ìpinnu 64/292 tí Bòlífíà gbé wá síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, 2010 (orílẹ̀-èdè 122 gbà á, 41 ta kété, ẹnikẹ́ni ò takò ó) so ìmọ́tótó mọ́ ọn. Omi tí a fi ń sè, tí a fi ń fọṣọ, ti wà nínú Àlàyé 15 (“General Comment 15”, àlàyé tí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kan ní UN ṣe lórí ẹ̀tọ́ sí omi) láti 2002.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi pè é, “àrọ́wọ́tó” ló dùn mọ́ mi jù, òun náà ló sì ń dà mí láàmú. Bí àwọn ìyá wa àgbà bá ní “ọwọ́ mi ò tó o”, ó lè jìnnà, ó sì lè wọ́n. Gbólóhùn kan náà ló kó méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìlànà UN yà wọ́n sọ́tọ̀: kí ibi omi má ju 1,000 mítà sílé, kí pípọn ún má ju ìṣẹ́jú 30, owó rẹ̀, kó má ju ìdá 3 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìdílé. Èwo wá ni “àrọ́wọ́tó” nínú wọn?

“Ẹ̀tọ́ àtirómilò” ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ nídìí gírámà, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ò túmọ̀ ìwé òfin lánàá. Ẹni tó bá sì ní “àti-” kì í sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ, kó kọ́kọ́ wí fún mi ohun tí à ń pè ní àtijẹ àtimu.