Ibà tí kò lọ lára ọmọ tó sá wá láti Sudan: ta ló mọ̀ nípa kala-azar?

Ìyá Ọlọ́jà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi ni mo gbé wá. Khartoum ló ti ń kàwé kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Kò bá àwọn tí ìjọba kọ́kọ́ kó wálé bọ̀. Ọ̀nà Gedaref, ní ìlà oòrùn Sudan, lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà, wọ́n sì pẹ́ ní abúlé kan níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà wọ Ethiopia.

Kò pẹ́ tó délé ni ibà bẹ̀rẹ̀. A lo oògùn ibà, a tún un lò. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ó gba abẹ́rẹ́. Ibà náà á lọ, á tún padà. Ọmọ náà ti rù débi pé ṣòkòtò ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ ń yọ síwájú, apá òsì sì le gbagidi téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Iyán tí kì í fi ṣeré, òkèlè méjì péré, á ní òun ti yó.

Àwọn kan lọ́jà ní wọ́n fi ṣe é ni. Ọmọ mi tó wà ní Adó ló ka ọ̀rọ̀ kala-azar lórí fóònù. Ṣé àìsàn Sudan lè bá èèyàn dé Èkìtì? Níbi tá a ti ń gbàtọ́jú, kò sẹ́ni tó bi wá níbi tó ti dé, àwa náà ò sì sọ.

Bàbá Olóko, Ìjerò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, irú ikùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ibà ti bá jà pẹ́. Ẹ se egbò orúwo àti ewé dóńgóyárò fún un, kẹ́ ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Adó-Èkìtì

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ pé ibà máa ń fa irú ikùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ìyá wa má fi ọ̀sẹ̀ kankan dúró lórí èyí.

Ìyá wa, ó lè bá èèyàn dé ibikíbi. Ológun kan tó lùgbàdì rẹ̀ ní Dum Dum, lẹ́bàá Calcutta ní India, England ló kú sí. Inú spleen rẹ̀, ẹran inú tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ni dókítà William Leishman ti rí kòkòrò náà, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1903. Lọ́dún yẹn náà ni Charles Donovan rí i ní Madras. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Leishmania donovani nìyẹn.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti rí i o: spleen ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ orí ìka. Inú àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó pa á gan-an, ló ń sá sí, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, nínú spleen, nínú ẹ̀dọ̀, nínú mùdùnmúdùn egungun. Òun ló ń wú ikùn yẹn, òun ló ń gbẹ ẹ̀jẹ̀.

Èmi tí mò ń wo ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, bí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín wá tí wọ́n kọ "ibà" sórí ìwé rẹ̀, ibà ni n ó wá. Mo tiẹ̀ lè rí i, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa ló ní kòkòrò ibà díẹ̀ lára láì ṣàìsàn. Dókítà á tún fún un lóògùn ibà, kala-azar á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń dùn mí wọra, nítorí àìsàn yìí tí kò bá rí ìtọ́jú, ó ń pa ju 95 lọ nínú 100, bẹ́ẹ̀ ó ń sàn tí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó dárúkọ ibà, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ Gedaref. Ẹ ní kí dókítà kọ ìwé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Adó tàbí ti Ìdó. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní rK39, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń kán sí i. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ti ìhà Sudan bó ṣe ń mú ti India, nítorí náà bó bá ní kò sí, kí wọ́n má fi mọ síbẹ̀. Kí wọ́n fa mùdùnmúdùn egungun wò. Kí wọ́n yẹ HIV wò pẹ̀lú, torí ó ń yí ìtọ́jú padà.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Èmi náà kàwé ní Khartoum. Ìhà Gedaref yẹn, gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ kala-azar. Ilẹ̀ dúdú ni, ó máa ń sán yànnàyànnà tí òjò bá dá, òkìtì ọ̀gán sì pọ̀ lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Inú ihò wọ̀nyẹn ni sandfly, kòkòrò tó ń gbé àìsàn náà kiri, ń sá oòrùn sí. Ó kéré púpọ̀ sí ẹ̀fọn, kì í kùn létí, láti àṣálẹ́ títí di ìdájí ló ń jẹni. Ooru máa ń lé wa síta láti sùn. Ẹ bi í bóyá òun náà sùn síta.

Ìyá Ọlọ́jà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo ti bi í. Orí ẹní nínú àgbàlá ni wọ́n ń sùn. Ẹ ṣeun o. Òun àtàwọn ọmọ mi kékeré jọ ń sùn nínú yàrá kan, ṣé kò ní ràn wọ́n?

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Adó-Èkìtì

Rárá, ìyá wa. Kì í gba èémí ràn, kì í gba abọ́ ràn. Sandfly ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí èkejì. Ẹ má lé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ó nílò wọn.

Bí wọ́n bá rí i lóòótọ́, ẹ má wá oògùn rẹ̀ ní kẹ́mísì, ẹ ò ní rí i. Ní Sudan, abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n ń lò pọ̀, sodium stibogluconate àti paromomycin, fún ọjọ́ 17. Àwọn dókítà ni yóò mọ èyí tí wọn yóò bá yín béèrè fún. Tó bá sì sàn tán, ẹ máa wo ojú àti apá rẹ̀. Nǹkan bí èéwo wẹ́wẹ́ lè sú síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti Sudan mú un. Ẹ má rò pé kúrúnà lásán ni, ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà.